Orúkọ Wa Lódìkejì Odò

Grimsby, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, 2016

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún Ìyá ti rọ̀ díẹ̀? Ó ti tó oṣù méjì tí fóònù yín kò wọlé mọ́. Ẹnìkan tó ti Èkó pè mí ló sọ pé wọ́n ti ba òpó tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ yín jẹ́ nígbà tí ìjà àwa àti àwọn Íjọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Igbókòdá, ní orúkọ Tíṣà Ìyábọ̀dé, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Èmi wà láàyè. Iṣẹ́ ẹja náà ni mo ṣì ń ṣe. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń dúró sídìí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹja kọjá, tí mo ń yọ egungun rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ ti wọ inú ìka mi, kì í jáde mọ́ bí mo bá délé. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ọmọ apẹja ni mí, mo wá rìn jìnnà tó báyìí láti máa gé ẹja ẹlẹ́ja.

Bàbá, ohun kan wà tí mo fẹ́ tọrọ. Àyẹ̀wò kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní DNA. Èèyàn á tu itọ́ sínú ike kékeré kan, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì sọ ibi tí àwọn baba ńlá ẹni ti ṣẹ̀ wá. Ẹ sọ fún mi pé ìgbìmọ̀ ìjọba fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ Oríẹrẹ̀ dó, àwa ni àbí àwọn Íjọ̀ Tárígbẹnẹ tó wà lódìkejì odò. Mo rò ó pé bí àyẹ̀wò yìí bá fi hàn pé láti Ugbò, orísun àwa Ìlàjẹ, ni ìdílé wa Ẹbíwárí ti wá, á ràn yín lọ́wọ́. Itọ́ tèmi kò lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wò náà, bàbá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin nìkan, bí orúkọ ìdílé ṣe ń lọ. Ká ní Bùọ̀dá Lawrence wà ni, òun ni ǹ bá bẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ike náà wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ má jẹ, ẹ má mu fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó tu ú.

Ọmọ yín,
Mosúnmọ́lá


Oríẹrẹ̀, lọ́nà Awoye
Ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, 2016

Mosúnmọ́lá ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo dúpẹ́ pé o wà láàyè. Tíṣà Ìyábọ̀dé ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́, nítorí ojú mi kò gbé ìlà ìwé mọ́. Ará Ìkìrun ni, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tíṣà yòókù sá fún ìbọn, òun kò lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé mọ́kànlá nínú ilé ìjọsìn, nítorí ilé ìwé ti di ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ odò ń sùn sí.

Oṣù méjì ni a kò gbúròó rẹ. Nígbà tí ìwé máa wá dé, ike itọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìlà kan péré lo fi béèrè orúnkún ìyá rẹ, o wá fi gbogbo ìyókù ìwé sọ̀rọ̀ itọ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ṣì wà níbi tó wà.

N kì í tu itọ́ fún ẹni tí n kò mọ̀. Ta ni àwọn tó ń gba itọ́ arúgbó yìí, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe? Mo mọ ibi tí orúkọ mi ti wá. Bàbá mi sọ pé nígbà tí ogun tú àwọn èèyàn wa ká, ẹbí wá wọn kiri títí wọ́n fi rí wọn, ni wọ́n ṣe ń jẹ́ Ẹbíwárí. Èyí tó mi.

Ìbọn tún dún lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. A kò lè dé ibi tí a ti ń dẹ àwọ̀n mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé la ti ń pẹja, èyí tí a sì ń rí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá rẹ kò rí ohun tó máa yan. Púpurú tí a bá fi omi ọbẹ̀ jẹ, ó tán nìyẹn.

Fi oògùn orúnkún ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kí o sì wá wò wá. Ọdún kẹsàn-án rèé. Má sì tún dárúkọ Lawrence nínú ìwé tí wọ́n máa kà sétí ìyá rẹ. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun.

Bàbá rẹ,
Pius Ẹbíwárí


Grimsby
Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, 2017

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Ẹ bá mi bẹ Ìyá. N kò mọ̀ pé wọ́n máa jókòó tì yín nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé. Oògùn orúnkún wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́, àti aṣọ òtútù méjì. Mo mọ̀ pé òtútù kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ọwọ́ mi kàn.

Mo fẹ́ wá. Ìwé tó máa jẹ́ kí n lè jáde kí n sì tún wọlé ni kò tíì jáde. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ń ní kí n máa retí.

Bàbá, kì í ṣe nítorí ìgbìmọ̀ nìkan ni mo ṣe ń tọrọ itọ́. Ẹ mọ̀ pé èmi àti ọkọ mi ti pínyà. Ọjọ́ tí mo lọ yí ìwé mi padà, obìnrin tó wà nídìí tábìlì bi mí pé orúkọ wo ni mo fẹ́ máa jẹ́. Mo ní Ẹbíwárí. Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ibo ló ti wá. Mo sọ èyí tí ẹ sọ fún mi, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi. Ilé tí mo ń gbé, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń jókòó láì bọ́ bàtà. Orúkọ yín nìkan ni mo gbé dé ibí tí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n jù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tu ú fún mi.

Mosúnmọ́lá


Oríẹrẹ̀
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, 2017

Mosúnmọ́lá,

Mo ti tu ú. Tíṣà máa gbé e lọ sí Igbókòdá nígbà tó bá ń lọ gba owó oṣù rẹ̀.

Olówòkéré ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá rẹ. Ó wá jókòó tì mí láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ó ní, "Pius, tu itọ́ yìí."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ itọ́ yìí kò yé mi."

Ó ní, "Kò pọn dandan kó yé ọ. Ẹnu rẹ la nílò."

Ó ní àwọn tó ń ta nǹkan kì í sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ oníbàárà wọn nínú, pé Ugbò ni wọ́n máa kọ, ìgbìmọ̀ á sì fi gbogbo odò náà sílẹ̀ fún wa. Ó rẹ̀ mí láti máa bá a jiyàn. Lẹ́tà rẹ náà sì wà lọ́kàn mi, pàápàá bàtà tí o kì í bọ́.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ ọ́. Ohun yòówù kí wọ́n rí, èmi nìkan ni kí o kọ ọ́ sí. Èmi ni kí n kọ́kọ́ gbọ́.

Ìyá rẹ wọ aṣọ òtútù náà lọ sí ilé ìjọsìn. Ó làágùn, kò bọ́ ọ.

Bàbá rẹ


Grimsby
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, 2017

Bàbá mi,

Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí, ẹ̀yin nìkan. Àbájáde dé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì ń kọ lẹ́tà yìí mo ń ya á.

Apá àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Wọ́n ní ìran baba wa ti pẹ́ púpọ̀ ní etí òkun ilẹ̀ wa yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, pé ohun kan náà wà lára Yorùbá, lára Íjọ̀, lára àwọn Ẹ̀dó. Àyẹ̀wò náà kò mọ Ifẹ̀, kò mọ Ugbò. Kò mọ orúkọ ìlú kankan rárá. Mo ṣe àṣìṣe nígbà tí mo kọ ọ́ pé ó mọ̀ ọ́n.

Apá kejì ni mo ń bẹ̀rù. Ilé iṣẹ́ náà máa ń fi èèyàn hàn bí ẹlòmíràn tó ti ṣe àyẹ̀wò bá jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Houston ní Amẹ́ríkà tí tirẹ̀ àti tiyín bá ara mu tán pátá. Wọ́n ní bàbá kan náà ló bí ìdílé méjèèjì, ní nǹkan bí ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn. Pẹrẹ ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Ẹbíwárí. Mo kọ̀wé sí i pé ṣé ará Ìlàjẹ ni. Ó ní rárá, Íjọ̀ ni òun, Tárígbẹnẹ ni wọ́n ti bí òun. Ó ní lédè àwọn, "ilé tó dára" ni ìtumọ̀ orúkọ náà.

Bàbá, n kò mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Bí ẹ bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ sọ fún mi. Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ ya ìwé yìí.

Mosúnmọ́lá


Grimsby
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, 2017

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá. Oṣù kejì ti kọjá, n kò rí èsì. Ṣé lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ yín? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sí mi nínú ìwé kí n lè kà á. Mo ti pe gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní Èkó, kò sẹ́ni tó ti rí yín.

Mosúnmọ́lá


Grimsby
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án, 2017

Bàbá,

Wọ́n ní ẹ kò sí ní Oríẹrẹ̀ mọ́. Ẹni tó sọ fún mi kò mọ̀ bóyá ẹ lọ fúnra yín ni àbí wọ́n lé yín. Ẹ jọ̀ọ́, bó jẹ́ ìlà kan péré, ẹ kọ ọ́.

Mosúnmọ́lá


Igbókòdá
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, 2017

Mosúnmọ́lá,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń kọ ọ́. Bí ìlà bá wọ́, fara dà á.

A wà láàyè. Yàrá kan ni à ń gbé, lẹ́yìn ọjà, nílé ẹni tó ń bá Tíṣà Ìyábọ̀dé jọ́sìn. Lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé. Èyí àkọ́kọ́ ló lé wa kúrò nílé.

Olówòkéré ti sọ fún gbogbo Oríẹrẹ̀ pé òyìnbó ń fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ Tíṣà máa gúnlẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ti jókòó sórí pákó iwájú ilé mi. Mo na ọwọ́ sí lẹ́tà náà kí n fi sápò. Olówòkéré ní kí Tíṣà kà á. Ó ń kà á bọ̀, nígbà tó dé ibì kan, ó dákẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù fún yín lẹ́yìn." Olówòkéré ní, "Kà á." Ó kà á. O ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé èmi nìkan. Ìyẹn náà ló kà.

Goodluck, olórí àwọn tó ń fi ìbọn ṣọ́ odò, ló wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá, ṣé Íjọ̀ ni yín ni?" Mo ní Oríẹrẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ó ní kì í ṣe ohun tí òun bi mí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì Olówòkéré dá wá. Ó ní kí n bá òun lọ síwájú ìgbìmọ̀, kí n gbé Bíbélì, kí n búra pé irọ́ ni ìwé náà, pé kò sí Ẹbíwárí kankan tó ti òdìkejì odò wá rí. Mo ní n kò lè búra.

Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ni."

Ó wojú mi. Ó ní, "Èmi náà mọ̀, Pius. N kò bi ọ́ bóyá òótọ́ ni. Mo ní kí o búra."

Ọmọdé ni bàbá ńlá wa nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá láti òdìkejì. Bàbá mi sọ fún mi nígbà tó ń kú lọ, bàbá Olówòkéré sì sọ fún òun náà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ tu itọ́. Mo wá tan ara mi jẹ pé itọ́ kò lè sọ̀rọ̀.

N kò búra. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti tú ọkọ̀ mi sílẹ̀, omi gbé e lọ. Wọ́n dáná sun àwọ̀n mi. Goodluck ní òun kò ní lè dá àwọn èèyàn òun dúró bí wọ́n bá dé orí ilé. Mo gbà á gbọ́. A lọ.

Mo bínú sí ọ gidigidi. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, o sọ mí di àlejò níbi tí mo ti kọ́ ìrìn. Ìdí nìyí tí n kò fi dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbínú náà ti ń rẹ̀ mí, ohun mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí mo ní láti sọ.

O mọ̀ pé mo sọ fún gbogbo ayé ní 1998, nígbà ìjà àkọ́kọ́, pé èmi ni mo rí òkú Lawrence nínú igbó etí odò. Èmi kọ́ ni mo rí i. Ọjọ́ kẹta tí ìbọn bà á, mo wà létí omi ní òwúrọ̀, mo ń wá a, mo dá wà. Ọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Tárígbẹnẹ, ó so síńgílẹ́ẹ̀tì funfun mọ́ àjẹ̀. Lawrence wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi ẹní tuntun wé e. Ọkùnrin náà na káàdì ilé ìwé Lawrence sí mi. Ó ń sọ Ìlàjẹ bí wa. Ó ní, "Promise Ẹbíwárí lorúkọ mi. Wọ́n fẹ́ ju ọmọ yìí sómi. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ ju orúkọ mi sómi."

A gbé e bọ́ sílẹ̀. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnìkan má bàa rí èmi àti òun. Mo yí ẹ̀yìn sí i. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ fún ìyá rẹ. Títí di òní, kò tíì mọ̀.

Bàbá rẹ,
Pius


Grimsby
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, 2017

Bàbá mi,

Ibi tí a ti ń jẹun níléeṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. N kò lè padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Èmi ni mo lé yín kúrò nílé. N kò ní wá àwáwí. Ohun tí mo rò pé mo ń wá fún yín, ara mi ni mo ń wá a fún, ẹ̀yin lẹ sì jìyà rẹ̀.

Mo pe Pẹrẹ ní Houston. Mo bi í pé kí lorúkọ bàbá rẹ̀. Promise ni. Ó ṣì wà láàyè, ní Tárígbẹnẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò yá mọ́. Mo ka ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ Bùọ̀dá fún un. Ó ní òun wà nílé lọ́jọ́ náà, pé àwọn èèyàn ìlú wọn kò bá bàbá òun sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko nítorí ohun tó ṣe. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ̀gbọ́n òun máa gbé ọkọ̀ wá pàdé yín níbi tí àwọn ṣọ́jà ti dínà odò.

N kò ní bẹ̀ yín láti lọ. Mo ti bẹ̀ yín jù. Ohun kan ṣoṣo ni: ẹ sọ fún Ìyá.

Mosúnmọ́lá


Igbókòdá
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní, 2018

Mosúnmọ́lá ọmọ mi,

Mo sọ fún un. Lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì ni, nígbà tí a jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún. Ọjọ́ kan gbáko ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó la ẹnu, ó ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Nígbà náà, a máa lọ béèrè."

A lọ ní ọjọ́ Tọ́sìdé tó kọjá. Àwọn ṣọ́jà tú ẹrù wa wò, wọ́n bi wá níbi tí à ń lọ. Ìyá rẹ ló dá wọn lóhùn pé ilé ẹbí ni. Ọmọ Promise di ọwọ́ rẹ̀ mú wọ inú ọkọ̀.

Ilé wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Orí òpó ni, pákó ni, wọ́n sá ẹja síwájú. Promise ti rù, ó jókòó sórí àga kan tó ní ìrọ̀rí. Ó mọ̀ mí kí n tó sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde, pé bóyá òun kò tilẹ̀ ju mí lọ. Mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ létí omi lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí.

Ìyá rẹ ní òun fẹ́ mọ ẹni tó wẹ ọmọ òun. Promise ní, "Ìyàwó mi ni. Ọmọ́lẹ́wà lorúkọ rẹ̀, ará ọ̀dọ̀ yín ni, láti Ẹ̀tìkàn. Òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló pa ojú rẹ̀ dé, ẹní rẹ̀ ló fi wé e. Nígbà gbogbo ló máa ń sọ pé ìyá ọmọ yẹn máa wá lọ́jọ́ kan, pé òun máa fi ibi tí òun gbé e sùn sí hàn án."

Ìyá rẹ ní kí wọ́n pè é wá.

Promise ní, "Ó kú ní ọdún tó kọjá."

Wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jẹ ẹ́. Promise béèrè ibi tí a sin Lawrence sí. Mo ní ní itẹ́ òkú Oríẹrẹ̀, ṣùgbọ́n òkun ti jẹ gbogbo ibẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ fi ibì kan han ìyá rẹ lẹ́yìn ilé, pákó márùn-ún tí wọ́n tẹ́ pọ̀ lábẹ́ òrùlé. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Lawrence sí. Ìyá rẹ jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi wá sọ fún wa pé omi ti ń fà.

Ìgbìmọ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Olówòkéré ti lọ búra. N kò mọ̀ bóyá a máa padà sí Oríẹrẹ̀, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ béèrè mọ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ìyá rẹ kọjú sí omi. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Lawrence, ọdún mọ́kàndínlógún. Méjìdínlógún nínú rẹ̀ ni obìnrin yẹn fi wà láàyè."



Bàbá rẹ,
Pius Ẹbíwárí